ÌTÀN NÍ KÓKÓ, Ó SÌ NÍ ÌTÚ: Bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ Idaadi ní ètò ìtàn



 

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin ọmọ wa akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí a mú wá sínú ìwé ọdọọdún wa ti ọdún yìí dá lórí ìtàn. A kò fẹ́ pa ìtàn fún yín. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí a tú ìtàn palẹ̀, kí a wo egungun tó gbé e dúró, kí a sì sọ bí a ṣe ń fi í kọ́ àwọn ọmọ tó wà ní ìpele Idaadi.

1. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ wá lógún

Ọmọ tó ti wọ kíláàsì kejì Idaadi níbí ní Ìjoun lè ka Suratu Yusuf láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣi háráfì kan kà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó pa Kùránì dé, kí ó fi èdè Yorùbá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ànábì Yusuf fún wa, ọ̀rọ̀ a dàrú. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀wọ̀n, yóò padà sínú kànga, yóò gbàgbé ẹ̀wù, yóò sì parí rẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni kò retí. "Lẹ́yìn náà" ni yóò fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kì í ṣe pé orí ọmọ náà kò pé. Ohun tó wà lórí rẹ̀ pọ̀, ètò ni kò sí níbẹ̀.

Ewu mẹ́ta ni a rí nínú èyí. Èkíní, nígbà ìdánwò Insha, ọmọ yóò ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tí yóò gbé e sí. Èkejì, ọmọ yìí náà ni yóò di oníwàásù lọ́la. Oníwàásù tí kò mọ bí a ṣe ń to ìtàn, àwọn ènìyàn á sùn mọ́ ọn lójú, tàbí kí ó máa fi irọ́ ta á kí wọ́n má baà sùn. Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: ẹni tí kò lè sọ bí ọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe le, àti bí ó ṣe parí, kò lè ṣe ẹlẹ́rìí fún ara rẹ̀ tàbí fún ẹlòmíràn. Ẹ gbé e dé iwájú baálẹ̀ tàbí kóòtù, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ tò ni yóò jàre, bí kò tilẹ̀ jàre lójú Ọlọ́hun.

Nígbà tí Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori (1917–1992) dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Agége ní ọdún 1955, ọ̀kan nínú ohun tí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ mú wọ ilẹ̀ Yorùbá ni pé kéwú kúrò ní orí wàláà nìkan, ó di ohun tí a ń kọ́ ní kíláàsì, tó ní ìpele àti iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Insha wà nínú iṣẹ́ náà, ìyẹn ni pé kí ọmọ jókòó kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ jáde. Bí a bá fi Insha sílẹ̀ láìkọ́ ọmọ ní ètò ìtàn, a ti fún un ní ọkọ́ láìfún un ní èèkù.

2. Kí ni ètò ìtàn?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Aristotle, ọlọ́gbọ́n àwọn Gíríìkì, ti sọ pé ìtàn gbọ́dọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin, ó sì fi ìtàn wé ohun tí a so tí a sì tú. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹwàá, Abu Bishr Matta ibn Yunus gbé ìwé rẹ̀ yìí wọ èdè Lárúbáwá. Ní ọdún 1863, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Gustav Freytag pín ìtàn eré sí ọ̀nà márùn-ún, ó sì yà á bí ẹni yà òkè: ènìyàn gùn ún lọ sókè, ó dé ṣóńṣó rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà márùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kárí ayé ń lò títí di òní.

Àwọn onímọ̀ Lárúbáwá ń pe ibi tí ọ̀ràn ti le nínú ìtàn ní *uqda*, wọ́n sì ń pe ibi tí ó ti yanjú ní *hall*. *Uqda* ni kókó tí a ta sára okùn. *Hall* ni kí a tú u. Ẹ wò ó bí ó ṣe bá èdè wa mu! Yorùbá náà ń pe ohun tí a ta sára okùn ní kókó, a sì ń pe ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ ní kókó ọ̀rọ̀. Nítorí náà, a kò wulẹ̀ wá orúkọ mìíràn kiri. Báyìí ni a ṣe ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ:

(i) Ìbẹ̀rẹ̀ (*muqaddima*): Ta ni? Níbo ni? Kí ni wọ́n ń fẹ́?
(ii) Kókó (*uqda*): Kí ló dí wọn lọ́wọ́?
(iii) Gígùn òkè: Kí ni wọ́n ṣe sí i, báwo ni ó sì ṣe ń le sí i?
(iv) Ṣóńṣó (*dhurwa*): Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ kò lè padà sẹ́yìn mọ́?
(v) Ìtú àti òpin (*hall* àti *khatima*): Báwo ni ó ṣe yanjú? Kí ló yí padà lára wọn?

Ọmọ tó bá mọ ìbéèrè márùn-ún yìí lórí ti ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ìtàn tó bá fi ṣí i ló kù.

3. Àpẹẹrẹ kékeré: Ìjàpá àti pẹ́pẹ́yẹ méjì

Ìtàn kúkurú ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, kí ojú pátákó lè gbà á. Èyí tí a yàn wà nínú *Kalila wa Dimna*, ìwé tí Ibn al-Muqaffa túmọ̀ láti èdè Páṣíà àtijọ́ sí Lárúbáwá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ. Ilẹ̀ Íńdíà ni gbòǹgbò àwọn ìtàn inú rẹ̀ ti wá. Ìdí tí a fi yàn án ni pé Ìjàpá ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọmọ Yewa tí Ìjàpá ṣe àjèjì sí.

Ìjàpá kan àti pẹ́pẹ́yẹ méjì jọ ń gbé létí adágún omi, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n. Èyí ni ìbẹ̀rẹ̀. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Pẹ́pẹ́yẹ lè fò lọ, Ìjàpá kò ní ìyẹ́. Èyí ni kókó. Ìjàpá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi òun sílẹ̀. Wọ́n ní kí ó fi ẹnu di àárín igi mú, àwọn yóò di etí igi náà méjèèjì mú, àwọn yóò sì gbé e fò, ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn, kí ó má dáhùn. Wọ́n gbéra. Èyí ni gígùn òkè, ní tòótọ́ sì ni wọ́n ń gun òkè lọ! Àwọn ènìyàn rí wọn láti ilẹ̀, wọ́n ní ìyanu rèé o, Ìjàpá láàárín pẹ́pẹ́yẹ méjì. Inú bí Ìjàpá, ó la ẹnu láti fún wọn lésì. Èyí ni ṣóńṣó. Igi bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó já bọ́, ó kú. Èyí ni òpin.

Níbí ni a ti máa ń dúró bi wọ́n pé: "Ta ló pa Ìjàpá?" Ọ̀kan á ní àwọn ènìyàn ni. Òmíràn á ní pẹ́pẹ́yẹ ni. Òmíràn á ní ọ̀dá omi ni. A ó jẹ́ kí wọ́n jiyàn títí wọn yóò fi rí i fúnra wọn pé ẹnu tó ní kí ó fi di igi mú náà ni ó fi fèsì. Ohun tó pa á ti wà nínú ìtàn láti ìgbà tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Ìtàn tó dára, òpin rẹ̀ máa ń ti inú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jáde wá. Kì í jábọ́ láti ojú ọ̀run.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi èyí wé àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ tí àwọn ìyá àgbà ń pa nílé. Wọ́n ní kí Ìjàpá má tọ́ àsèjẹ Yánníbo wò, ó tọ́ ọ wò, ikùn rẹ̀ wú. Àlọ́ tiwa àti ìtàn ará Íńdíà ní egungun kan náà: ìkìlọ̀, rírú ìkìlọ̀, ìyà. Ọmọ tó bá rí èyí ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tó wà lábẹ́ ìtàn.

4. Àpẹẹrẹ ńlá: Suratu Yusuf

Lẹ́yìn èyí ni a ó wá gbé wọn dé ọ̀dọ̀ ìtàn tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ròyìn nínú áyà kẹta Sura náà pé ó dára jùlọ. Sura kejìlá ni, áyà rẹ̀ jẹ́ 111. Yàtọ̀ sí ìtàn àwọn Ànábì yòókù tí a pín káàkiri inú Kùránì, ojú kan ni a ti sọ ìtàn Yusuf láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti fi kọ́ni ní ètò. Báyìí ni a ṣe ń pín in:

Ìbẹ̀rẹ̀ ni áyà 4 sí 6: ọmọdé lá àlá pé ìràwọ̀ mọ́kànlá, oòrùn àti òṣùpá forí balẹ̀ fún òun, bàbá rẹ̀ sì kìlọ̀ fún un pé kí ó má rọ́ ọ fún àwọn arákùnrin rẹ̀. Kókó ni áyà 7 sí 20: owú jíjẹ, kànga, ẹ̀wù tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ irọ́ kùn, àti bí wọ́n ṣe tà á ní owó péréte. Gígùn òkè bẹ̀rẹ̀ láti áyà 21: ilé ọlọ́lá ní Íjíbítì, ìdánwò ìyàwó ilé náà, ẹ̀wọ̀n, àlá àwọn ẹlẹ́wọ̀n méjì, àlá ọba nípa màlúù méje àti ṣírí méje, títí tí Yusuf fi di olórí àká oúnjẹ ní áyà 55 àti 56. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn arákùnrin rẹ̀ dé láti wá ra oúnjẹ, ó mọ̀ wọ́n, wọn kò mọ̀ ọ́n (áyà 58). Ṣóńṣó rẹ̀ wà ní áyà 90, níbi tí wọ́n ti bi í bóyá òun ni Yusuf, tí ó sì dáhùn pé òun ni. Ìtú rẹ̀ ni áyà 91 sí 101: ó dárí jì wọ́n, ojú bàbá là, ẹbí pàdé, àlá àkọ́kọ́ ṣẹ. Áyà 102 sí 111 ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́.

Lẹ́yìn tí a bá ti pín in tán, a ó ní kí wọ́n wá ohun kan ṣoṣo tó ń padà wá léraléra. Bópẹ́bóyá ọmọ kan á rí i: ẹ̀wù. Ẹ̀wù àkọ́kọ́ ni wọ́n fi purọ́ fún bàbá (áyà 18). Ẹ̀wù kejì, tó ya lẹ́yìn, ni ó jẹ́rìí pé Yusuf kò jẹ̀bi (áyà 25 sí 28). Ẹ̀wù kẹta ni wọ́n jù lé ojú bàbá tí ó fi ríran (áyà 93 sí 96). Ẹ̀wù ló mú ìbànújẹ́ wá, ẹ̀wù náà ló kó o lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àlá ló ta kókó, àlá náà ló sì tú u, nítorí ẹni tó túmọ̀ àlá fún ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n rántí nígbà tí ọba lá àlá. Nígbà tí àwọn ọmọ bá rí èyí, wọ́n máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ti ń ka Sura yìí láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

5. Ilé kan, ẹnu ọ̀nà púpọ̀

Ọmọ lè wá rò pé dandan ni kí ìtàn bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ mú ìtàn Ànábì Musa. Nínú Suratul-Qasas (Sura 28), ìgbà tí wọ́n bí i ni a ti bẹ̀rẹ̀: Fíráónì ń pa ọmọkùnrin, ìyá rẹ̀ gbé e sójú omi. Ṣùgbọ́n nínú Suratu Taha (Sura 20), ibi tó ti rí iná lókèèrè ni a ti bẹ̀rẹ̀ ní áyà 9 àti 10, ó sì di áyà 37 sí 40 kí Ọlọ́hun tó rán an létí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìtàn kan náà ni, ẹnu ọ̀nà ló yàtọ̀. Ohun tí a fẹ́ kí olùgbọ́ mọ̀ ló ń sọ ibi tí a ó gbà wọlé. Nínú Taha, Musa fẹ́ lọ kojú Fíráónì, ẹ̀rù ń bà á. Ibẹ̀ gan-an ni ìrántí pé Ọlọ́hun ti dá a sí nígbà tó wà nínú àpótí ti wúlò fún un.

D. O. Fágúnwà, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, lo ẹnu ọ̀nà mìíràn nínú *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tó jáde ní 1938: ẹnìkan ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún òǹkọ̀wé, òǹkọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. *Kalila wa Dimna* náà ṣe bẹ́ẹ̀: ọba ló ń bi ọlọ́gbọ́n léèrè, ọlọ́gbọ́n ń fi ìtàn dáhùn. Ìtàn wà nínú ìtàn. Ọmọ kíláàsì kẹta lè gbìyànjú èyí, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ mọ ojú ọ̀nà gbọọrọ kí ó tó gba ẹ̀bùrú.

6. Ṣé àlọ́ ni ẹ ń pa fún àwọn ọmọ wa?

Àwọn òbí kan máa ń bi wá báyìí: "Ẹ̀yin àfáà, ilé kéwú ni a ní kí àwọn ọmọ yìí wá, ṣé àlọ́ Ìjàpá ni ẹ wá ń pa fún wọn?" Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Àwọn onímọ̀ wa àtijọ́ bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Ibn al-Jawzi, àgbà onímọ̀ ará Bàgídáàdì tó kú ní ọdún 597 Hijira (1201), kọ ìwé odindi lórí àwọn oníwàásù tó ń fi ìtàn fa ọkàn èrò, ó sì bá àwọn tó ń parọ́ mọ́ Ànábì (SAW) wí nínú wọn.

Nítorí náà, a ní òfin mẹ́ta ní kíláàsì. Àkọ́kọ́: ìtàn inú Kùránì àti hádíìsì tó dájú, a kì í fi ọ̀rọ̀ kún un. A lè pín in, a lè bi í léèrè, ṣùgbọ́n ọmọ kò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ sọ sí Ànábì kankan lẹ́nu. Èkejì: ìtàn tó ṣẹlẹ̀ láàárín ènìyàn, kí a sọ ẹni tí a ti gbọ́ ọ. Ẹ̀kẹta: àlọ́, kí a pè é ní àlọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní "àlọ́ ni o" kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé Ìjàpá kì í fọhùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé ẹni tó mọ ètò ìtàn ló lè mú onírọ́. Àwọn arákùnrin Yusuf mú ìtàn tó pé wá fún bàbá wọn: ó ní ìbẹ̀rẹ̀ (a lọ sáré ìje, a fi Yusuf ti ẹrù wa), ó ní kókó (ìkookò pa á jẹ), ó ní ẹ̀rí (ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀). Síbẹ̀ bàbá wọn kò gbà á. Àwọn onítumọ̀ Kùránì ṣàlàyé pé ẹ̀wù náà kò fàya. Irú ìkookò wo ló ń jẹ ọmọ tí kì í fa aṣọ rẹ̀ ya? Ìdí àti àbájáde kò bá ara wọn mu. Nígbà tó di ọ̀ràn ẹ̀wù kejì, ẹni tó ṣe ìdájọ́ béèrè ìbéèrè kan náà: bí ó bá ya níwájú, obìnrin ló jàre, bí ó bá ya lẹ́yìn, Yusuf ló jàre. Ìyẹn ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ohun tó fà á mu.

Ìlú tó súnmọ́ ẹnu ibodè ni tiwa. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Kétu lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ láàárọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wa kí oòrùn tó wọ̀, kí ó sì ti di mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ibodè orí ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, onírúurú ìtàn ló gba ìgboro, ẹni tó rà á gbọ́ rà á, ẹni tó tà á tà á. Lónìí, inú fóònù ni wọ́n ti ń gbé e wọlé. Ọmọ tí a ti kọ́ láti béèrè pé "ta ni, kí ló ń fẹ́, kí ló fà á, ṣé ẹ̀wù náà ya?" kò ní tètè gbé ìròyìn òfò kiri. Ẹ̀kọ́ ìsìn nìyí, ẹ̀kọ́ ayé náà sì ni.

7. Bí a ṣe ń ṣe é ní kíláàsì

Ọ̀sẹ̀ kìíní: okùn. A ó mú okùn gígùn kan wá, a ó ta kókó sí i láàárín. Ọmọ kan á di ojú, á fi ọwọ́ fa okùn náà lọ. A ó bi í ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Ibi kókó ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni etí olùgbọ́ ṣe ń dúró níbi tí ọ̀ràn ti le. Okùn tí kò ní kókó kì í dá ọwọ́ dúró.

Ọ̀sẹ̀ kejì: pálí márùn-ún. A ó kọ ọ̀nà márùn-ún ìtàn Ìjàpá àti pẹ́pẹ́yẹ sára pálí, a ó dà wọ́n rú, àwọn ọmọ á tò ó. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sọ ìdí tó fi tò ó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: *wa*, *fa* àti *thumma*. Nahwu àti ìtàn pàdé níbí. Wọ́n ti kọ́ pé *wa* kàn ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ ni, pé *thumma* ń fi hàn pé àkókò kọjá láàárín, àti pé *fa* ń fi hàn pé èkejì tẹ̀lé èkíní kíákíá, nígbà mìíràn pé èkíní ló fa èkejì. A ó wá sọ fún wọn pé ní ọ̀sẹ̀ yìí, kò sí "lẹ́yìn náà" mọ́. Gbólóhùn méjì gbọ́dọ̀ fi "nítorí náà" tàbí "ṣùgbọ́n" so. Bí ọmọ kò bá lè fi ọ̀kan nínú méjèèjì so ó, ó ṣeé ṣe kí gbólóhùn náà máà ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún: Suratu Yusuf, bí a ti ṣàlàyé lókè. Àwọn ọmọ tí Lárúbáwá wọn kò tíì le lè ka ìtàn Yusuf nínú *Qasasun-Nabiyyin* tí Abul-Hasan Ali Nadwi, onímọ̀ ará Íńdíà tó kú ní 1999, fi gbólóhùn kéékèèké kọ fún àwọn ọmọdé.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà: ìtàn ara wọn. Níbí ni iṣẹ́ gidi wà. Ọmọ kan kọ báyìí wá fún wa: "Mo bá bàbá mi lọ sí oko. Lẹ́yìn náà a wa ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn náà òjò rọ̀. Lẹ́yìn náà a padà sílé. Lẹ́yìn náà mo sùn." A kò fa ìlà pupa sí i. Ìbéèrè márùn-ún náà la fi bi í.

"Kí ni bàbá rẹ fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ yẹn ṣe?"

"Àfáà, wọ́n fẹ́ tà á fún àwọn alágaàrí, kí wọ́n lè fi ra ìwé fún mi."

"Kí ni òjò yẹn wá ṣe?"

"Ọkọ̀ tí yóò kó o kò lè wọ ojú ọ̀nà oko mọ́."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Bàbá mi ní kí a máa rù ú dé títì. Ìrìn mẹ́rin ni."

"Èwo ló le jù?"

Ọmọ náà ronú díẹ̀. "Ẹ̀kẹta ni. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Bàbá mi jókòó sórí ebè, wọn kò sọ̀rọ̀."

"Ó wá parí sí ibo?"

"Èmi nìkan ni mo ru ti ẹ̀kẹrin. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni, Àfáà. Òun ni wọ́n rà."

A ní kí ó lọ kọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí, ní Yorùbá lákọ̀ọ́kọ́, kí ó tó yí i sí Lárúbáwá. Nígbà tó kà á fún kíláàsì, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí àṣìkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ìtàn náà wà nínú ọmọ yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi í léèrè bí ó ti yẹ ni. Ṣé ẹ sì rí i pé ọmọ tó mọ ìtàn bàbá rẹ̀ báyìí kò ní fi ìwé ṣeré? Ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè wa ni alùpùpù àti fàyàwọ́ ń pè lójoojúmọ́. Bí ọmọ bá mọ ibi tí ó dé nínú ìtàn ara rẹ̀, tó mọ̀ pé ibi kókó ni òun wà, pé ìtú ṣì ń bọ̀, yóò ní sùúrù. Sùúrù tó rẹwà ni Ànábì Yakub dì mú ní ibi kókó tirẹ̀.

8. Iṣẹ́ àṣetiléwá fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́

(i) Ẹ ka Suratul-Fil (Sura 105). Áyà márùn-ún péré ni. Ta ni ó ní èrò burúkú, kí ló dí i lọ́wọ́, báwo ni ó ṣe parí?

(ii) Ẹ ka ìtàn Musa àti Khidr nínú Suratul-Kahf (Sura 18), áyà 60 sí 82. Ohun mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀: ọkọ̀ ojú omi, ọ̀dọ́mọkùnrin, ògiri. Kí nìdí tí ìtumọ̀ wọn fi gbẹ̀yìn? Bí Khidr bá ti ṣàlàyé ní kíákíá, kí ni Musa ì bá pàdánù?

(iii) Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Huraira, adẹ́tẹ̀, apárí àti afọ́jú rí ìwòsàn àti ọrọ̀ gbà. Nígbà tí màláíkà padà wá ní àwòrán aláìní, àwọn méjì sẹ́, afọ́jú nìkan ló rántí. Kí nìdí tí afọ́jú fi jẹ́ ẹni ìkẹyìn nínú ìtàn náà?

(iv) Ẹ ní kí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yín pa àlọ́ kan fún yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ kókó àti ìtú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wo ló bá ìsìn wa mu nínú rẹ̀, kí ni kò bá a mu?

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ kẹrin yẹn, ọwọ́ yín ló wà. Bí ọmọ bá wá bẹ̀ yín fún ìtàn lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ má lé e lọ sídìí fóònù. Ẹ sọ ọ́ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ó bi yín ní ìbéèrè márùn-ún rẹ̀.

A bẹ Ọlọ́hun Ọba kí ó fi àlùbáríkà sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, kí ó tú gbogbo kókó tó wà lọ́nà wọn, kí ó fún àwa olùkọ́ ní sùúrù, kí ó sì jẹ́ kí òpin ìtàn gbogbo wa dára ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Àmín.